Ohun Èlò Tó Ń Mú Motorhome Dúró Dọ́gba Lóru, àti Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Náwó Lé Lórí

Ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ ṣọ̀wọ́n fún ẹni tó bá ń fi motorhome, ìyẹn ọkọ̀ tí a kọ́ bí ilé tí a lè sùn sí, rìn káàkiri Ìlú Ọba. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibùdó tó dùn ún wò jù lọ wà ní ẹsẹ̀ òkè, yálà ní àgbègbè Lake District, ní Wélsì, tàbí ní etíkun àríwá Skọ́tlándì, níbi tí àyè tí wọ́n bá fi han ènìyàn ti sábà máa ń da gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn oníṣòwò kò sì sinmi láti ta oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ní yóò mú ọkọ̀ dúró dọ́gba: àtẹ̀gùn ike tí táyà ń gùn, búlọ́ọ̀kù tí a ń tò lérí ara wọn, ìrọ̀rí tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, jáàkì háídírọ́líìkì tó ń fi bọ́tìnnì ṣiṣẹ́, àti àpótí kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Mo ti lo èyí tó pọ̀ nínú wọn, mo sì ti fara balẹ̀ wo bí àwọn yòókù ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìdájọ́ mi ni pé fún motorhome tí kò ju 3,500 kìlógíráàmù lọ, àtẹ̀gùn ike méjì àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré kan, irú èyí tí bíríkìlà ń lò, tó iṣẹ́ náà ṣe, bí awakọ̀ bá ti mọ ibi tó yẹ kí ó kọ ojú ọkọ̀ sí kí ó tó gbé wọn jáde. Ọ̀rọ̀ kíkọ ojú ọkọ̀ sí ibi tó yẹ yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má fò ó nítorí pé ẹ ń wá orúkọ ohun tí ẹ máa rà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà. Bí ọkọ̀ bá fì, ẹni tó sùn á máa yọ̀ lọ sí etí ibùsùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, omi balùwẹ̀ á dúró sí igun tí kò sí ihò, òróró á wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páànù tí a fẹ́ fi dín dòdò, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù á máa ṣí fúnra rẹ̀, ohun tó ń fi iye omi inú táǹkì hàn á sì máa parọ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣe é fara dà fún alẹ́ kan. Èyí tí kò ṣe é fara dà ni ìbàjẹ́ tó lè dé bá fíríìjì, mo sì fẹ́ dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń ta ohun èlò wọ̀nyí kì í sábà ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà.

Fíríìjì tó wà nínú ọ̀pọ̀ motorhome kò jọ èyí tó wà nílé wa. Kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì inú fíríìjì pọ̀, kò sì sí ohun kankan tó ń yí nínú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Stockholm, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ jáde ní 1922, ilé iṣẹ́ Electrolux sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà ní 1925. Iná gáàsì tàbí iná mànàmáná ló ń gbóná nídìí rẹ̀. Ooru yẹn á lé amóníà jáde kúrò nínú omi tí wọ́n pò ó mọ́, amóníà á gòkè, á tutù, á di olómi lókè, á sì ṣàn gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ padà wá sísàlẹ̀, níbi tó ti ń fa ooru kúrò lára oúnjẹ bí ó ti ń kọjá. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń tì í. Agbára òòfà ilẹ̀ nìkan ló ń fà á, nítorí náà páìpù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dà díẹ̀ sí ìhà tí àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ó dà sí. Bí ọkọ̀ bá fì kọjá àlà, olómi náà á dúró sójú kan, ìdí fíríìjì á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kẹ́míkà tí wọ́n fi sí i kí irin má baà dípẹtà á dì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí ojú páìpù. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, mímì rẹ̀ kì í jẹ́ kí olómi pẹ́ lójú kan. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró tí fíríìjì ṣì ń ṣiṣẹ́ ni ewu ń bẹ, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní àtúnṣe. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń kún ti àtẹ̀yìnwá ni.

Ìwé ìlò fíríìjì Norcold, tó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, fi àlà náà hàn kedere: kí fíríìjì má fì ju digírì 3 lọ sí ọ̀tún tàbí òsì, kí ó má sì fì ju digírì 6 lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀tún àti òsì tí ìwé náà ń sọ ni ti ẹni tó dúró kọjú sí ilẹ̀kùn fíríìjì, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ motorhome, ara ògiri ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé fíríìjì tì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kọjú sí àárín ọkọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀tún àti òsì fíríìjì jẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìhà tí fíríìjì kò ti lè fara da fífì púpọ̀ ni ìhà gígùn ọkọ̀, ìhà náà sì ni àtẹ̀gùn táyà kò ti lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọkọ̀ akẹ́rù Fiat Ducato ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú àwọn motorhome Yúróòpù lé lórí, láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Ducato gígùn sì jẹ́ mítà 4.035. Láti táyà ọ̀tún dé táyà òsì níwájú jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.8. Bí a bá gbé táyà ẹ̀gbẹ́ kan sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10, ọkọ̀ yóò yí padà ní ohun tó lé díẹ̀ ní digírì 3. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé táyà iwájú méjèèjì sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn kan náà, digírì 1.4 péré ni ọkọ̀ yóò fi yí padà, nítorí pé gígùn rẹ̀ ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀.

Ẹ wá fojú inú wo ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ ní digírì 4. Bí ọkọ̀ bá kọ imú sí ìsàlẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ náà, tí a sì gun àtẹ̀gùn títí dé orí ìpele tó ga jù, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, fífì tó lé ní digírì 2 àti ààbọ̀ ṣì kù, tó sún mọ́ àlà fíríìjì pẹ́kípẹ́kí. Bí ọkọ̀ bá dá ìdagẹ̀rẹ́ náà ní ìbú, tí táyà méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ gun àtẹ̀gùn kan náà, ohun tó kù kò tó digírì 1, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Owó kankan kò jáde, a kàn yí ọkọ̀ padà ni. Òótọ́ ni pé àwọn ibùdó kan ní ọ̀nà pàtó tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ kọjú sí, nítorí ààyè tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ọkọ̀ kan àti òmíràn bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alábòójútó kí ẹ tó yí i. Bí kò bá gbà kí ẹ dá ilẹ̀ náà ní ìbú, ó lè gbà kí ẹ fi ẹ̀yìn wọlé dípò imú, èyí nìkan sì lè mú kí ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀ bọ́ sí abẹ́ táyà tó rọrùn fún yín láti gbé gun nǹkan.

Nínú àwọn àtẹ̀gùn ike, Level Up tí ilé iṣẹ́ Fiamma ní Ítálì ń ṣe ni mo rí jù lábẹ́ ọkọ̀ àwọn ènìyàn, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù. Méjì ni wọ́n ń tà pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpele mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà 4, 7 àti 10, ojú ìpele kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ wọnú díẹ̀ kí táyà lè jókòó sínú rẹ̀ dáadáa. Èyí ni ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti pákó lásán: awakọ̀ máa ń mọ̀ ọ́n lára nígbà tí táyà bá bọ́ sójú ìpele, kò sì ní láti máa dọ́gbọ́n fi kílọ́ọ̀ṣì gbé ọkọ̀ dúró sórí ohun tó ń yọ̀. Ó fúyẹ́ débi pé ọmọdé lè gbé e, kò gba àyè púpọ̀, kò sì ní bátìrì, wáyà tàbí nǹkan mìíràn tó lè dákẹ́ lóru. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, Milenco ní Ìlú Ọba fún àpẹẹrẹ, ń ṣe èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ fún ẹni tó bá mọ̀ pé orí òkè lòun máa ń sùn sí jù. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ ka ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n ní ó lè gbé, kí ẹ sì fi wé ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn sára àwo irin tó wà lára ọkọ̀ yín. Ẹ̀yìn motorhome sábà máa ń wúwo ju iwájú rẹ̀ lọ.

Lílò rẹ̀ kò ní awo. A ó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ síbi tí a fẹ́ kí ó sùn, a ó sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo igun tó rẹlẹ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó gbé àtẹ̀gùn síwájú táyà tó yẹ, kí ó sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́, kí ó sì bá táyà gún régé. Awakọ̀ á fi jíà kìn-ín-ní gùn ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹnì kan á dúró sí ẹ̀gbẹ́ níta, kì í ṣe iwájú tàbí ẹ̀yìn, tí yóò máa fọwọ́ júwe fún un. Bí ó bá ti gúnlẹ̀ sójú ìpele, a ó fa hánbíréèkì, a ó sì ti wẹ́ẹ̀jì sábẹ́ táyà kí a tó sọ pé iṣẹ́ parí. Wẹ́ẹ̀jì ṣe pàtàkì, nítorí pé ọkọ̀ tó wà lórí àtẹ̀gùn ti ní ibi tó lè yí bọ́ sí. Àwọn kan ń tà á pọ̀ mọ́ àtẹ̀gùn, àwọn mìíràn ń tà á lọ́tọ̀; ẹ má ṣe jẹ́ kí owó díẹ̀ yẹn mú yín fi í sílẹ̀.

Àléébù tó tóbi jù lọ tí mo rí lára àtẹ̀gùn ike ni koríko tútù. Ducato ń fi ẹsẹ̀ iwájú fa ara rẹ̀, nítorí náà bí a bá gbé àtẹ̀gùn síwájú táyà iwájú lórí koríko tí òjò ti pa, táyà náà lè mú un, kí ó sì ta á jáde sẹ́yìn kíákíá dípò kí ó gùn ún. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn rẹ̀ lè fara pa. Ó sàn kí a gbé e sábẹ́ táyà ẹ̀yìn, tí kì í fa ọkọ̀, kí a sì fi rìfáàsì gùn ún, bí ibi tó rẹlẹ̀ bá gba bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ wá ohun pẹlẹbẹ tó nípọn, tó sì ń mú ilẹ̀ dáadáa, tí a lè tẹ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn kí ó yọ jáde síwájú, tí táyà yóò kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ilẹ̀ rírọ̀ ní ìyọnu tirẹ̀: àtẹ̀gùn lè rì díẹ̀díẹ̀ lóru, tí ọkọ̀ tó dọ́gba nígbà oúnjẹ alẹ́ yóò sì ti fì kí ilẹ̀ tó mọ́. Pákó fífẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ló ń wo èyí sàn.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí táyà fúnra rẹ̀, nítorí pé mo máa ń rí ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ní àwọn ibùdó. Gbogbo fífẹ̀ táyà ló yẹ kí ó jókòó sórí ìpele. Bí apá kan táyà bá yọ sẹ́yìn òde àtẹ̀gùn, ẹrù tó yẹ kí gbogbo rẹ̀ gbé á wà lórí apá kan, etí ike á sì máa tẹ inú rẹ̀ títí di òwúrọ̀. Fún ọkọ̀ tó ní táyà méjìméjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí ohun tí a fi gbé e. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan sókè tí ó fi èkejì sílẹ̀ nínú òfuurufú ti gbé ẹrù ẹni méjì lé ẹnì kan lórí. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo kì í sì í fẹ̀ tó láti gba méjèèjì.

Ibi yìí ni búlọ́ọ̀kù ti wúlò. Lynx Levelers ti ilé iṣẹ́ Tri-Lynx ní Amẹ́ríkà ni a mọ̀ jù, aláwọ̀ ọsàn, tí ọ̀kan ń kọ́ mọ́ èkejì lórí àti lábẹ́. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ gbé ọkọ̀, a sì lè tò ó kí ó fẹ̀ bí a bá ṣe fẹ́, tí táyà méjì yóò fi gbà á tán. A tún lè tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ jáàkì kí ó má baà rì. Ohun tí n kò fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí àtẹ̀gùn ń ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀, búlọ́ọ̀kù máa ń gba ìkúnlẹ̀ àti ìṣírò: láti ga tó ìpele mẹ́ta, ènìyàn ní láti tò ó bí òkìtì tó ń dín kù bí ó ti ń ròkè, kí táyà lè rí ibi gùn, ó sì ní láti ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan tó rẹlẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ tí àwọn ọmọ sì ti ń sùn lọ, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe. Fún ẹni tó ń dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kò burú rárá. Pákó gígé náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní owó tó kéré sí i, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń mu omi.

Ìrọ̀rí afẹ́fẹ́ wu ojú gidigidi nígbà àkọ́kọ́. A ó wakọ̀ gun orí rẹ̀ nígbà tó ṣì pẹlẹbẹ, a ó sì fi pọ́ǹpù kékeré tó ń lo iná inú ọkọ̀ fẹ́ ẹ títí tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì yóò fi sọ pé ó tó. Kò sí ìpele tí a ní láti yàn, kò sí pé awakọ̀ gùn kọjá, ọkọ̀ sì lè dọ́gba gẹ́lẹ́. Lórí iyanrìn etíkun, ó dára ju àtẹ̀gùn lọ, nítorí pé ó tẹ́ fẹ̀, kì í sì í tètè rì. Síbẹ̀ n kò lè gba ẹni tó ń sùn síbi ọ̀tọ̀ lálaalẹ́ níyànjú pé kí ó rà á. Òkúta mímú kan tó fara pamọ́ sínú koríko tó láti sọ ọ́ di aṣọ lásán, ariwo pọ́ǹpù rẹ̀ sì ń da àwọn aládùúgbò láàmú bí a bá dé lálẹ́. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tún ń sún kì nígbà tí òtútù òru bá mú, nítorí náà ohun tó dọ́gba ní ìrọ̀lẹ́ á ti wálẹ̀ díẹ̀ ní ìdájí.

Jáàkì háídírọ́líìkì ni ọba nínú gbogbo wọn, mo sì gbọ́dọ̀ yìn ín bó ṣe tọ́. Ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ni wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, pọ́ǹpù kan ń ti òróró sínú wọn, awakọ̀ á tẹ bọ́tìnnì kan lórí ìjókòó rẹ̀, ẹ̀rọ á mọ igun tó rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì gbé e sókè láìpẹ́. Ní Yúróòpù, E&P Hydraulics ti Nẹ́dálándì àti AL-KO ti Jámánì wà lára àwọn tó ń ṣe é; ní Amẹ́ríkà, Lippert àti HWH wà lára wọn. Ọkọ̀ kì í tún mì mọ́ nígbà tí ènìyàn bá ń rìn nínú rẹ̀. Fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, fún ẹni tó ń dá rìn, àti fún ọkọ̀ ńlá Amẹ́ríkà tí kò sí àtẹ̀gùn ike tó lè gbà á, n kò mọ ohun mìíràn tó dára jù ú lọ, mo sì rò pé owó rẹ̀ tọ́ sí wọn.

Fún àwa yòókù, owó nìkan kọ́ ni ìdènà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni rírà àti síso rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ọkọ̀ kékeré ní Ìlú Ọba láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997 kò lè fi í wa motorhome tó ń lo epo tó bá ju 3,500 kìlógíráàmù lọ láìjẹ́ pé ó ṣe ìdánwò mìíràn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ débi pé àyè tó ṣẹ́ kù fún ènìyàn àti ẹrù kéré gan-an. Jáàkì mẹ́rin, pọ́ǹpù àti òróró wọn lè wúwo tó àgbàlagbà kan. Ìdílé tó bá so ó mọ́ ọkọ̀ lè rí i pé kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ àti omi inú táǹkì ti sọ ọkọ̀ náà di èyí tí kò bófin mu lójú títì. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ní i gbọ́dọ̀ mọ̀: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni hánbíréèkì ń dì mú. Bí jáàkì bá gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀ pátápátá lórí ìdagẹ̀rẹ́, hánbíréèkì kò ní ohun tó ń dì mú mọ́, ọkọ̀ sì lè yọ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó dà tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Àwọn ẹsẹ̀ kékeré méjì tí àwọn motorhome kan ní lẹ́yìn kì í ṣe jáàkì. Kí ọkọ̀ má baà máa mì ni wọ́n ṣe wà, lẹ́yìn tí ó bá ti dọ́gba tán, wọn kò sì lágbára láti gbé e. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi rọ́pò sípíríǹgì, irú èyí tí VB-Airsuspension ti Nẹ́dálándì ń ṣe, lè mú ọkọ̀ dọ́gba díẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ìrìn ọkọ̀ lójú ọ̀nà ni ó fi yẹ kí a rà á. Ìyókù jẹ́ èènì.

Kò sí èyí nínú wọn tó lè ṣiṣẹ́ láìsí ohun tí a ó fi mọ ibi tó rẹlẹ̀. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà kékeré kò ju pọ́n-ùn díẹ̀ lọ, mo sì fọkàn tán an ju ohunkóhun mìíràn lọ. Inú fíríìsà tàbí lórí ilẹ̀ fíríìjì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí, kì í ṣe orí tábìlì, nítorí pé tábìlì lè ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ìgbà tí wọ́n ti kàn án. Lẹ́yìn tí fíríìjì bá ti dọ́gba, ẹ wá ojúkò kan lórí ilẹ̀ ọkọ̀ tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì ti ń sọ ohun kan náà, kí ẹ sàmì sí i, kí ẹ sì máa lo ibẹ̀. Áàpù orí fóònù náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kámẹ́rà tó yọ gọ̀ńgọ̀ lẹ́yìn fóònù máa ń gbé e sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró dípò ẹ̀yìn. LevelMatePRO ti LogicBlue ní Amẹ́ríkà jẹ́ àpótí kékeré tí a lẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀, tó ń fi Bluetooth sọ iye tí táyà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi gòkè fún fóònù awakọ̀. Ẹni tó ń dá rìn yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ gidigidi, nítorí pé kò ní láti máa sọ̀ kalẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní ẹnì kejì nínú ọkọ̀ lè fi owó náà ra gáàsì.

Ẹ má sì fi àárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ kí ẹyin afẹ́fẹ́ inú lẹ́fẹ́ẹ̀lì dúró sí àárín gẹ́lẹ́. Bí ó bá ti wọ inú àlà fíríìjì, tí ibi orí ibùsùn kò sì rẹlẹ̀ ju ibi ẹsẹ̀ lọ, ó tó. Àwọn tí fíríìjì wọn jẹ́ alákọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, bó ṣe wọ́pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ kékeré òde òní, kò tilẹ̀ ní ohun tí wọn yóò máa bẹ̀rù. Àwọn kan lára rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ títí dé digírì 30, kò sì sí ènìyàn tó lè sùn nínú ọkọ̀ tó fì tó bẹ́ẹ̀. Oorun tiwọn nìkan ni kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ibi tí a bá sùn sí náà ń pinnu ohun tí a lè lò. Nínú ibùdó, kò sí ẹni tí yóò bi yín ní ìbéèrè. Lójú títì àti ní ibùdókọ̀ ìlú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin Skọ́tlándì ti 2003 tó fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn àti láti pàgọ́ lórí ilẹ̀ kò kan ọkọ̀ onímọ́tò, nítorí náà ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní Spéìn, ìtọ́ni àjọ DGT tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ sọ pé motorhome tó dúró síbi tí òfin gbà kò tíì pàgọ́, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ táyà rẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ irin kalẹ̀, tàbí tó gbé ohun mìíràn sábẹ́ ọkọ̀, lè di ẹni tí wọ́n kà sí pé ó pàgọ́ níbi tí kò yẹ, kí ó sì san owó ìtanràn. Ní irú ibẹ̀, wíwá àyè tó tẹ́jú àti kíkọ ojú ọkọ̀ sí ibi tó yẹ nìkan ló kù, bí kò bá sì ṣeé ṣe, pípa fíríìjì títí di òwúrọ̀ sàn ju kí ó máa jó lórí ìdagẹ̀rẹ́. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà ní títì, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní tètè gbóná.

Àtẹ̀gùn ike tún ní iṣẹ́ kan tí àwọn tó ń tà á kì í polówó. Nígbà tí a bá fẹ́ da omi ìdọ̀tí inú táǹkì nù lọ́jọ́ tí a ń kúrò, omi díẹ̀ máa ń kù sí igun tó jìnnà sí ẹnu páìpù, òun ló sì ń fa òórùn tó ń gba ihò balùwẹ̀ gòkè wá nínú ooru. Bí a bá fi táyà ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí ẹnu páìpù gun ìpele kìn-ín-ní fún ìṣẹ́jú díẹ̀, omi náà á ṣàn jáde tán. Ẹ pa fíríìjì kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fọ ẹrẹ̀ kúrò lára àtẹ̀gùn kí ẹ tó gbé e padà sínú ọkọ̀.